Táyà Mẹ́wàá Ni, Kì í Ṣe Mẹ́ta

Mẹ́wàá ni ọmọ náà kọ. Mẹ́ta ni ìwé ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ mi sọ. Mo mú bírò pupa, mo fi àmì sí i pé ó gbà á, mo sì fa ìwé ọmọ mìíràn sọ́dọ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmì kékeré yẹn ló dá gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀, títí dòní mi ò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe iṣẹ́ mi láti máa máàkì. Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, lápá Plaine Orety, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti máa ń já ọmọ wọn sílẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó sáré lọ síbi iṣẹ́. Igbákejì olùkọ́ ni wọ́n gbà mí sí. Ní Nàìjíríà, mo kàwé olùkọ́ni gboyè, mo sì kọ́ àwọn ọmọ kékeré fún ọdún mẹ́fà kí èmi àti ọkọ mi tó kó wá sí Libreville, ní orílẹ̀-èdè Gabon. Nígbà tí mo gbé ìwé-ẹ̀rí mi dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n ní kí n ṣì máa bá àwọn nu imú ọmọ ná. Mo nu imú fún ọdún méje. Mo dè wọ́n ní bàtà, mo pààrọ̀ ṣòkòtò tó tutù, mo gbọ́ Faransé débi pé mo lè fi bá awakọ̀ tasín jà kí n sì borí. Wọn kò tún ìwé-ẹ̀rí mi wò mọ́.

Ní sáà kẹta ọdún kan, olùkọ́ kíláàsì wa lọ bímọ. Wọn kò wá ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa mú kíláàsì náà lọ títí di ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ọmọ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, ọlọ́dún márùn-ún sí mẹ́fà, àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ra bírò pupa tuntun.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màdáàmù, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí ara ọmọ bá gbóná, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e sí itan títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù àwọn òbí, ó bẹ̀rù ìwé, ó sì gbà pé ohunkóhun tó bá ti òkè òkun wá nínú ọ̀rá dídán kò lè ṣì. Lọ́dún yẹn, ó ra ìwé ìṣirò kan tí gbogbo àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ ọkọ̀. Èrò náà dára, mi ò purọ́. Ọmọdé wo ni kò fẹ́ràn ọkọ̀? Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ wo ni wọ́n yà síbẹ̀? Bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì. Reluwé tó ń sáré lábẹ́ ilẹ̀. Àti ọkọ̀ kan tó ní irin pẹlẹbẹ ńlá níwájú, tó ń wa yìnyín kúrò lójú títì.

"Tàtá, kí lèyí?" Bí àwọn ọmọ ṣe máa ń pe àwa igbákejì nìyẹn, Tàtá.

"Ọkọ̀ tó ń wa yìnyín ni."

"Yìnyín inú fìríìjì?"

"Ó jọ ọ́."

"Ta ló wá dà á sójú títì?"

Òjò ló ń rọ̀ níta, ooru sì ń mú wa nínú kíláàsì. Mo ní kí wọ́n ṣáà ka iye ọkọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni ti ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n yà á láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi táyà mẹ́ta hàn: ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Ìbéèrè náà ní: táyà mélòó ni ọkọ̀ yìí ní? Ọmọ mẹ́tàlélógún kọ mẹ́ta. Ọmọbìnrin kékeré kan tó máa ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé kọ mẹ́wàá. Ó kọ ọ́ gàdàgbà, bí ẹni tí kò ní iyèméjì kankan.

Mo pè é kó tó bọ́ síta lọ ṣeré. Mo ní, "Báwo lo ṣe rí mẹ́wàá?"

Ó ní, "Mi ò rí i, Tàtá. Wọ́n wà níbẹ̀ ni." Ó wá fi ìka rẹ̀ hàn mí. Iwájú, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lódìkejì. Ẹ̀yìn, wọ́n máa ń so wọ́n ní méjì-méjì ni, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Ó ka ìka tirẹ̀ tán. Ó tún wò mí, ó rí i pé kò tíì yé mi, ó wá ṣàánú mi. Ó ní, "Tó bá jẹ́ mẹ́ta ni, á ṣubú."

Èmi tí mo kàwé olùkọ́ni gboyè, mi ò ro ti ìṣubú ọkọ̀ náà rí. Mo fi àmì sí i pé ó gbà á.

Ọjọ́ kejì ni Màdáàmù pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ti kó àwọn ìwé ìdánwò náà jọ, ó ń yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Ó na ti ọmọ náà sí mi.

"Ẹ bá mi ka táyà yìí."

"Mẹ́ta ló hàn, Màdáàmù."

"Mélòó lọmọ kọ?"

"Mẹ́wàá. Mẹ́wàá ló sì ní."

"Ohun tó wà lójú ìwé là ń kà."

"Màdáàmù, wọn kò bi í pé mélòó lo rí. Wọ́n bi í pé mélòó ni ọkọ̀ náà ní."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó fa ìwé mìíràn yọ, ti ọkọ̀ tó ń wa yìnyín. Ọmọ náà kò kọ nǹkan kan sí i. "Èyí ńkọ́?"

"Ó bi mí ohun tó jẹ́. Mo sọ fún un. Kò gbà mí gbọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wò ó, ọmọ yìí kò tíì ṣe tán. Mo mọ ilé tó ti wá. Bàbá rẹ̀ ń lẹ táyà ní àdúgbò Atong Abè, ará orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n, èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ nílé. Nọ́ńbà èdè wọn ti dà rú mọ́ nọ́ńbà Faransé lórí rẹ̀. Kó tún kíláàsì náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ kọ 'kò tíì mọ̀ ọ́n' sínú ìwé èsì rẹ̀, kí ẹ buwọ́ lù ú."

Èdè mìíràn. Èdè tèmi náà ni! Nàgó, ìyẹn Yorùbá ilẹ̀ wọn, tí bàbá ọmọ náà ń sọ àti Yorùbá tèmi kò bára mu délẹ̀, ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé mo ní láti ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan wọ yàrá ìyá mi, tó ní ibẹ̀ ń rùn. Ọdún méje ni mo ti fi ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mì.

Mo ní, "Mi ò ní buwọ́ lù ú."

"Ẹ ti ṣe wí?"

"Mo ní mi ò ní buwọ́ lù ú, Màdáàmù. Ọmọ náà gbà á."

Ó ní òun fún mi di ọjọ́ Ajé láti ro ara mi wò. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Nílé, ọkọ mi gbọ́rọ̀ náà tán, ó gbé síbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe káàkiri ìlú yìí, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Ìyá wa, ṣé nítorí táyà? Nítorí táyà tí wọn kò yà? Káàdì ìgbélùú wa ò ní pẹ́ parí, ẹ jẹ́ ká rọra."

Mo ní, "Kì í ṣe nítorí táyà."

Ó wò mí, ó mọ̀ pé mi ò ní gbọ́, ó gbé síbí rẹ̀ padà.

Ọmọbìnrin wa ni mo pè kó bá mi kọ lẹ́tà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ibí ni mo bí i sí, Faransé ló fi ń lálàá. Mo ní kó kọ ọ́ pé irọ́ ni ìwé náà ń pa fún ọmọdé. Ó ní, "Màmá, wọn kì í kọ ọ́ báyẹn." Ó wá kọ ọ́ pé àwòrán náà lè mú kí àwọn ọmọ kan ṣi ìbéèrè lóye. Mo ní kó kà á sí mi létí. Mo ní kó pa á rẹ́. Ọmọ náà kò ṣi nǹkan kan lóye! Ó jiyàn, mo jiyàn, a sọ ọ́ ní Faransé, a sọ ọ́ ní Yorùbá. Níkẹyìn, ó sọ èjìká sókè, ó kọ ọ́ bí mo ṣe fẹ́: ọkọ̀ akẹ́rù náà ní táyà mẹ́wàá, ọmọ náà gbà á, èmi kò sì ní kọ ohun tó yàtọ̀ sí i. Ó ní, "Wọ́n á lé yín o." Mo ní kó ṣáà bá mi wo lẹ́tà ìparí àwọn ọ̀rọ̀ Faransé náà bóyá ó kọ wọ́n dáadáa.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn iṣẹ́, mo wọ tasín lọ sí Atong Abè. Ṣọ́ọ̀bù bàbá ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jó irin, kọ̀ǹtẹ́nà àtijọ́ kan tí táyà tò yí ká. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó fẹ́ fún mi ní àga, ó fi aṣọ nù ún títí, mo ní kó má ṣèyọnu. Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí táyà kan, ó fi abọ́ kan síwájú, ó ń ju nọ́ọ̀tù tí wọ́n fi ń de táyà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dópin.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kí wọ́n kọ ohun tó bá wù wọ́n. Àlejò ni wá níbí. Ọdún kan péré ni, á tún un ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló fẹ́ tún ṣe? Ohun tó ti mọ̀?"

Ó mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu etí táyà kan tó wà nílẹ̀. Ó lù ú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dá òòlù dúró, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí ọmọ má baà gbọ́. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Bí mo bá tú táyà, òun ni mo máa ń ní kó bá mi ka nọ́ọ̀tù, kí n má baà gbàgbé ọ̀kan sílẹ̀. Ó máa ń yí ọkọ̀ po, a ó jọ ka táyà rẹ̀. Àǹtí, ṣé àṣìṣe ni mo wá kọ́ ọmọ mi?"

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìbéèrè lẹ́nu òbí. Mi ò gbọ́ irú èyí rí. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, mo yíjú sí ọmọ náà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣi nǹkan kan. Ẹ fẹ́ kí n mú àwọn yòókù wá síbí kí wọ́n wá wò ó?"

Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé n kò ṣàwàdà, ó ní kí a wá láàárọ̀ Sátidé. Ó ní tírélà kan tó ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Ntoum yóò wá tọ́jú táyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun yóò sì bẹ awakọ̀ rẹ̀ kó ní sùúrù.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Màdáàmù, kí wọ́n má baà sọ pé mi ò tọrọ rẹ̀. Ó ní, "Gáréèjì? Nínú gíríìsì? Ọmọ àwọn ènìyàn?" Ó ní rárá. Lọ́sàn-án Ẹtì, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, mo ń sọ fún òbí kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wá mú ọmọ rẹ̀: "Lọ́la, kì í ṣe ilé-ìwé ló ń pè yín o, èmi ni. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ mú ọmọ yín wá fúnra yín." Àwọn kan fi ẹ̀rín dá mi lóhùn, wọn ò dúró.

Ọmọ méje ló wá. Ìyá ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba wọ ṣòkòtò funfun wá, ó dúró lókèèrè, ó di báàgì rẹ̀ mú sáyà. Ó bi mí pé, "Ṣé kíláàsì nìyí?" Mo ní kó máa wò wá ná.

Mo pín ṣọ́ọ̀kì fún wọn. Wọ́n gbé táyà tasín kalẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yí i po. Wọ́n gbé ti ọkọ̀ ńlá kalẹ̀, ọmọ mẹ́ta ló jọ yí i po. Róbótó kékeré, róbótó ńlá. Ọmọ kan dùbúlẹ̀ sínú èyí tó tóbi jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo mú àmì onígun mẹ́ta tí awakọ̀ máa ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bá bà jẹ́, mo ní kí wọ́n yí i lọ bí wọ́n ṣe ń yí táyà. Wọ́n tì í. Ó ṣubú, kò lọ. Wọ́n tún tì í. Mi ò ní láti sọ fún wọn mọ́ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe táyà onígun mẹ́ta. Pátákó nọ́ńbà ọkọ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin gbọọrọ, gbogbo wọ́n rí ìyẹn fúnra wọn. Ọmọbìnrin tó kọ mẹ́wàá yọ nọ́ọ̀tù kan nínú abọ́, ó ní kí wọ́n ka igun rẹ̀. Mẹ́fà. Ó tì í bọ inú sípánà láti fi hàn wọ́n pé igun ihò rẹ̀ náà jẹ́ mẹ́fà.

Lẹ́yìn náà la dé ìdí tírélà. Awakọ̀ rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ní ká máa ṣe é lọ. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára táyà tó bá kà, kí a má baà ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. A ka iwájú, a ka ti inú, a ka ti òde, a yí i po. Àwọn ọmọ sọnù sínú nọ́ńbà náà, a tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a parí, mo fi ohùn olùkọ́ sọ ọ́, "Méjìdínlógún! Ẹ pàtẹ́wọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin náà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ti na ara rẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, ó ń nawọ́ sí abẹ́ tírélà. "Tàtá, àwọn yìí ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Táyà ìpààrọ̀ méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Èmi tí mo ti bá ọ̀gá mi jà nítorí táyà tí ojú kò rí, mi ò rí wọn.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ kan ní wọn kì í ṣe ara rẹ̀ torí wọn kò tẹ ilẹ̀. Òmíràn ní ṣé táyà kọ́ ni wọ́n ni? Ọmọkùnrin ìyá ọ́fíìsì ní bí ọ̀kan bá fọ́ lójú ọ̀nà ńkọ́? Mo jẹ́ kí wọ́n jà á. Bàbá ọmọ náà ló wá sọ̀rọ̀, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní èdè tiwa, ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún àwọn yòókù.

"Ogún ni gbogbo rẹ̀. Yọ méjì tí kò tẹ ilẹ̀. Ogún dín méjì. Ohun tí à ń pè ní méjìdínlógún nìyẹn."

Mo ti ń pe ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré. Mo ti fi kọ́ ọmọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí méjì tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n so rọ̀ sábẹ́ ọkọ̀, tí eruku sìmẹ́ńtì bò wọ́n. Wọ́n ní nọ́ńbà wa ń da ọmọ lórí rú! Mo fẹ́ kí Màdáàmù wà níbẹ̀. Gbogbo ọmọ méjèèje ń pariwo "méjìdínlógún" ní ahọ́n Faransé wọn, ìyá ọ́fíìsì sì ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ tírélà, gíríìsì ti kun ṣòkòtò funfun rẹ̀ lórúnkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìwé ìkìlọ̀ ti ń dúró dè mí lórí tábìlì: mo kó ọmọ ilé-ìwé lọ síbi eléwu láìgba àṣẹ. Mo gbà á. Mo fún Màdáàmù ní lẹ́tà tèmi. Ó kà á, ó ti ìwé èsì ọmọ náà sí mi.

"Ẹ buwọ́ lù ú."

"Rárá, Màdáàmù."

"Ẹ mọ ohun tí mo lè ṣe."

"Mo mọ̀ ọ́n."

A ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá ọ́fíìsì ló wọlé, ó fa ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ọmọ náà kò jẹ́ kí òun sinmi láti Sátidé. Ọmọ náà wo Màdáàmù, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ tún tèmi kọ."

Màdáàmù ní, "Kí lo fẹ́ tún kọ? Ìwọ gbà á."

"Mi ò gbà á. Mẹ́ta ni mo kọ. Mẹ́wàá ni."

Mo ń wo ògiri. Ìyá rẹ̀ fi pẹ̀lẹ́tù bi Màdáàmù pé, níwọ̀n bí ọmọ òun ti ṣì í, tí wọ́n sì sọ pé ó gbà á, kí ni wọ́n fẹ́ kọ sínú ìwé ọmọ tó gbà á ní tòótọ́? Ó sọ ọ́ ní Faransé ọ́fíìsì tó mọ́ gaara, irú èyí tí èmi kò lè sọ láéláé. Màdáàmù ní òun yóò wò ó.

Kí ló wá ṣe? Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo òbí pé wọ́n ti fagi lé ìbéèrè ọkọ̀ akẹ́rù, ẹnikẹ́ni kò ní gba máàkì kankan lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wọ kíláàsì tó kàn. Bàbá rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ń ṣàdúrà fún mi títí ìpè náà fi já. Gbogbo ènìyàn ní mo ti borí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, mi ò sì gbà bẹ́ẹ̀ báyìí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà á. Wọn kò kọ ọ́. Ìbéèrè ni wọ́n gbé sin kí wọ́n má baà dáhùn rẹ̀.

Nígbà tí ọdún parí, Màdáàmù sọ fún mi pé wọn kò nílò mi mọ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó tilẹ̀ ní òun yóò kọ ìwé tó dára fún mi. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo kó bàtà àwọ̀ṣiṣẹ́ mi àti ife mi sínú ọ̀rá, mo sì kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Inú tasín ni mo ti sunkún, mi ò ní ṣe bí ẹni pé mi ò sunkún. Awakọ̀ wò mí nínú dígí, ó dín rédíò kù.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi jókòó sílé, tí ọkọ mi kò sì sọ pé "mo sọ fún ẹ" rárá. Lẹ́yìn náà, mo padà lọ sí Atong Abè, mo ní kí bàbá ọmọ náà fún mi ní igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹtẹ́nà rẹ̀. Ó ta tapólì sí i. Àwọn ará ìjọ wa fún mi ní àga kéékèèké tí wọn kò lò mọ́. Ọmọbìnrin mi, ẹni tó ní wọ́n á lé mi, ló ya àwọn káàdì tí à ń lò: tasín funfun òun pupa, ọkọ̀ tó ń kó ẹja, àti tírélà tó ń kó gẹdú kọjá lójú ọ̀nà Ntoum. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó yà á lẹ́ẹ̀marùn-ún: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, àti abẹ́ rẹ̀. Ẹnu orí gẹdú jẹ́ róbótó, a máa ń kà wọ́n láti ẹ̀yìn: mẹ́rin nísàlẹ̀, mẹ́ta lé e, ọ̀kan lókè. Ìgbà mìíràn ọmọ méjìlá á wá, ìgbà mìíràn mẹ́rin péré. Ọmọ Gabon wà níbẹ̀, ọmọ Benin wà níbẹ̀, àtọmọ Nàìjíríà tí ìyá wọn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n jọ̀ọ́, kí n fi Yorùbá díẹ̀ kún un.

Ní Sátidé tó kọjá, ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì àdúgbò wá dúró lé wa lórí, ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan dání. Ó ní àga wa ti gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Mo wò ó, òótọ́ ni, mo fa àga mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní kò tán síbẹ̀, ó ní kíláàsì tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ wà níbí, òun yóò sì kọ orúkọ mi sílẹ̀ láti gbé e lọ sókè. Àwọn ọmọ kò tilẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ń ka nọ́ọ̀tù lọ. Mo ní kó kọ ọ́. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó tẹ bírò, ó kọ lẹ́tà méjì àkọ́kọ́, ó ṣì wọ́n kọ. Mo ní kó pa á rẹ́. Mo wá dúró tì í, mo ń pe lẹ́tà orúkọ mi fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kọ ọ́ pé.